Kí la máa pe àńdírójínì ná?

Ẹ̀gbọ́n, mo rí "ìṣakọṣabo" tẹ́ ẹ dá lábàá ní Yorùbá fún àńdírójínì, ìyẹn kí ìwà tí wọ́n kà sí tọkùnrin àtèyí tí wọ́n kà sí tobìnrin jọ wà lára ẹnì kan, ó dùn ún pè lóòótọ́ àmọ́ mi ò lè gbà á wọlé. Ẹni tó bá gbọ́ ọ, ara ló máa kọ́kọ́ rò, bẹ́ẹ̀ ìwà ni Sandra Bem, onímọ̀ nípa ìrònú àti ìwà ẹ̀dá, ń sọ ní tiẹ̀ nígbà tó gbé ìdánwò ẹ̀ jáde lọ́dún 1974. Ọ̀rọ̀ 60 ló wà níbẹ̀, 20 fún ìwà tí wọ́n kà sí tọkùnrin, 20 fún tobìnrin, 20 tó kù ò sí lápá kankan, ìwọ náà á wá fi 1 dé 7 sọ bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe bá ẹ mu tó. "Oníwà méjì" tí àbúrò wa mú wá ńkọ́? Ẹ jọ̀ọ́, alágàbàgebè nìyẹn.

Kí wọ́n tó yan àwọn ọ̀rọ̀ yẹn, ọmọ yunifásítì Stanford ni wọ́n bi pé ìwà wo ló wuyì jù lára ọkùnrin, èwo ló yẹ obìnrin jù, l'Amẹ́ríkà o. Kéèyàn dá dúró láì gbára lé ẹnikẹ́ni, apá ọkùnrin ni wọ́n kó o sí. Ẹ lọ sọ fún ìyá tó ń ta aṣọ ní Gbági n'Ìbàdàn, tó fi owó ọjà rán ọmọ níléèwé, pé ìwà ọkùnrin ló ń hù, á bú yín dáadáa. Ohùn pẹ̀lẹ́ wà lápá obìnrin, ohun tá a fi ń yin àgbà ọkùnrin!

Kì í ṣe pé àwa ò pín in o. "Obìnrin bí ọkùnrin", oríyìn ni, yí i padà kó o sọ ọ́ sí ọkùnrin, ìjà dé. Torí ẹ̀ ni mi ò ṣe fẹ́ akọ àti abo nínú ọ̀rọ̀ náà rárá, ọ̀kan ti ga ju ìkejì lọ kó tó dé ẹnu wa.

Lọ́dún 1975 Bem tún dán an wò: àwọn tó ní apá méjèèjì dúró lórí èrò ara wọn nígbà táwọn yòókù ń sọ nǹkan míì, wọ́n dẹ̀ tún bá ọmọ ológbò ṣeré dáadáa. Ibi tó bá gba líle wọ́n le, ibi tó bá gba rírọ̀ wọ́n rọ̀. "Ìwà bó-ṣe-gbà" ni tèmi. Ẹni tó bá ní èyí tó dáa jù bẹ́ẹ̀ lọ kó mú un wá, kó ṣáà má fi akọ bẹ̀rẹ̀.