Ṣé mo ṣẹ Màmá nígbà tí mo bá wọn rán kádígàn wọn tó ya?

Ìbéèrè, láti ọwọ́ Ọmọ Ahunṣọ Ìsẹ́yìn

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò mi tó wà níbí, mo kí yín o, ẹ kú ọ̀gìnnìtìn. Iṣẹ́ ìtọ́jú àgbàlagbà ni mo ń ṣe ní Golders Green, ní àríwá Lọ́ńdọ̀nù, mo sì ti wà lọ́dọ̀ ìyá Júù kan tí wọ́n ti lé ní ọgọ́rin ọdún láti oṣù Kẹsàn-án. Màmá fẹ́ràn kí wọ́n máa fi abẹ́rẹ́ gígùn méjì hun fìlà àti sikáàfù. Bí ọwọ́ wọn tilẹ̀ ń gbọ̀n tí wọ́n bá gbé ife tíì, kì í gbọ̀n mọ́ bí wọ́n bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í hun. Ní gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo máa ń mú wọn lọ sí gbọ̀ngàn sínágọ́gù wọn, níbi tí àwọn obìnrin bíi mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ti ń jókòó yí tábìlì ká, tí àwọn kan ń hun aṣọ òtútù fún àwọn ọmọ tuntun àti àwọn arúgbó tí kò ní, tí àwọn mìíràn sì ń tún aṣọ tí àwọn ará àdúgbò kó wá rán láì gba kọ́bọ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, bí mo ti ń to aṣọ inú dúrọ́ọ̀ Màmá, mo rí kádígàn dúdú kan tó mọ́ tónítóní, tí wọ́n ká dáadáa, ṣùgbọ́n tó ya ní àyà òsì, láti etí ọrùn wá sísàlẹ̀, ó tó ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan. Ẹnì kan ti fi òwú funfun fà á pọ̀ gbàgẹ̀rẹ̀ bí ẹni tó ń kánjú. Ilé àwọn tó ń hun òfì ni wọ́n bí mi sí, ojú mi kò sì gba kí aṣọ gidi wà bẹ́ẹ̀. Mo tú òwú funfun náà kúrò, mo wá òwú tí àwọ̀ rẹ̀ bá kádígàn mu, mo sì jókòó tì í fún alẹ́ mẹ́ta títí ẹni tí kò bá mọ̀ tẹ́lẹ̀ kò fi lè rí ibi tó ti ya mọ́. Nígbà tí mo gbé e fún Màmá, wọ́n fi ìka wá ojú ibẹ̀ títí, wọn kò rí i, omi sì bọ́ lójú wọn. Wọ́n ní, “O ṣeun, ọwọ́ rẹ dára,” wọ́n gbé kádígàn náà lé itan, wọn kò sì sọ ohun mìíràn títí ilẹ̀ fi ṣú. Mo kọ́kọ́ rò pé ayọ̀ ni. Láti ọjọ́ náà, ọkàn mi kò balẹ̀.

Ohun mìíràn tún wà. Àwọn obìnrin náà ti ní kí èmi náà wá máa hun nǹkan, mo sì fẹ́ bẹ́ẹ̀ tọkàntọkàn, ṣùgbọ́n mo rí àwọn nǹkan tí kò yé mi. Ọ̀kan nínú wọn dá òwú tí mo rà padà fún mi pẹ̀lú sùúrù nítorí pé ọ̀gbọ̀ wà nínú rẹ̀. Ní ọjọ́ Ẹtì, Màmá máa ń kó abẹ́rẹ́ wọn sínú àpò ní ọ̀sán gangan. Nígbà àjọ̀dún Hánúkà tó kọjá, bí wọ́n bá ti tan àbẹ́là tán lálaalẹ́, wọn kì í fọwọ́ kan òwú rárá, wọ́n kàn ń wo iná náà ni. Ẹ jọ̀wọ́, kí ni mo ṣe sí kádígàn yẹn, kí ni mo sì gbọ́dọ̀ mọ̀ kí n tó jókòó sídìí tábìlì yẹn?

Ìdáhùn, láti ọwọ́ Télọ̀ Prestwich

Arábìnrin mi, ẹ kú iṣẹ́ Màmá. Ọdún méjìlélógún ni mo ti ń rán aṣọ ní Manchester, ní agbègbè kan tí àwọn Júù pọ̀ sí, mo sì mọ kádígàn tí ẹ ṣàpèjúwe yẹn bí ẹni pé ó wà níwájú mi. Ọ̀fọ̀ ni ó wà lára aṣọ náà. Bí Júù bá pàdánù òbí, ọkọ tàbí aya, ọmọ, ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò, yóò fa aṣọ ọrùn rẹ̀ ya lórí ìdúró, lọ́pọ̀ ìgbà kí wọ́n tó sin òkú náà. Keriah ni wọ́n ń pè é. Fún òbí, apá òsì ni, lórí ọkàn gan-an. Fún àwọn yòókù, apá ọ̀tún ni. Aṣọ yẹn ni yóò wà lọ́rùn rẹ̀ ní ọjọ́ méje tí yóò fi jókòó nílé, tí àwọn ènìyàn yóò máa wá bá a kẹ́dùn.

Ibi tó ti kan àwa aránṣọ nìyí. Bí ó bá jẹ́ ọkọ, aya, ọmọ, ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò ni ó kú, a lè fi òwú fa ibi tó ya pọ̀ lẹ́yìn ọjọ́ méje, kí a sì rán an dáadáa lẹ́yìn ọgbọ̀n ọjọ́. Bí ó bá jẹ́ bàbá tàbí ìyá, ó di ẹ̀yìn ọgbọ̀n ọjọ́ kí a tó fà á pọ̀ lásán, a kò sì ní rán an dáadáa títí láé. Àwọn àgbà wọn jíròrò rẹ̀ nínú Talmud, ìwé ńlá tí wọ́n kọ ìjíròrò wọn lórí òfin sí, ní apá tí wọ́n ń pè ní Moed Katan, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tí ẹnikẹ́ni tó ti di abẹ́rẹ́ mú rí yóò lóye: wọ́n gbà kí a fi òwú gbọọrọ fà á, kí a ká etí rẹ̀, kí a tilẹ̀ rán an kí ó rí bí àkàsọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n kọ rírán ti Alẹkisáńdíríà, ìyẹn èyí tí ojú ibi tó ya kì í hàn mọ́. Wọ́n sọ pé bí ẹni tó ni irú aṣọ bẹ́ẹ̀ bá tà á, ẹni tó rà á pàápàá kò gbọdọ̀ rán an, nítorí náà ẹni tó tà á gbọ́dọ̀ sọ fún un. Rírán ti Alẹkisáńdíríà ni ẹ ṣe, arábìnrin mi, òwú funfun tí ẹ tú kúrò sì ni ó tọ́ kí ó wà níbẹ̀.

Ẹ má ṣe dá ara yín lẹ́bi jù. Ní ọdún tí mo kọ́kọ́ dé, oníbàárà kan gbé irú ẹ̀wù bẹ́ẹ̀ wá, bọ́tìnì ni ó ní kí n lẹ̀ mọ́ ọn, mo rò pé ó gbàgbé láti mẹ́nu ba ibi tó ya, mo bá rán an lọ́fẹ̀ẹ́. Ọ̀gá mi ni ó rí i kí ó tó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù. Ó jókòó, ó tú u ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ó sì ń ṣàlàyé fún mi bí ó ti ń tú u, láì gbé ohùn sókè. Lẹ́yìn náà ni ó wá wo okùn tí mo fi lẹ bọ́tìnì.

Okùn yẹn ni ìdáhùn sí ọ̀rọ̀ ọ̀gbọ̀ tí ẹ béèrè. Òfin wà nínú Léfítíkù 19:19 àti Deutarónómì 22:11 pé kí irun àgùtàn àti ọ̀gbọ̀ má ṣe pàdé nínú aṣọ kan. Shatnez ni orúkọ rẹ̀. Irun àgùtàn nìkan kò ní ìṣòro, ọ̀gbọ̀ nìkan kò ní ìṣòro, irun àgùtàn àti òwú lásán náà kò ní. Ṣùgbọ́n okùn ọ̀gbọ̀ díẹ̀ tí a fi lẹ bọ́tìnì mọ́ súwẹ́tà irun àgùtàn ti tó láti sọ ọ́ di ohun tí Júù tó ń pa òfin mọ́ kò lè wọ̀. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ wọn fi máa ń gbé kóòtù tuntun lọ fún àyẹ̀wò, nítorí aṣọ líle tí wọ́n ń fi sínú ọrùn kóòtù a máa ní ọ̀gbọ̀ nínú nígbà mìíràn. Ẹ ra òwú acrylic, èyí tí kì í ṣe irun àgùtàn tí kì í sì í ṣe ọ̀gbọ̀, kí ẹ sì ka ìwé tó wà lára rẹ̀ dáadáa. Ó ṣeé fọ̀ nínú ẹ̀rọ, èyí tó ṣe pàtàkì fún aṣọ tí a kò mọ ẹni tí yóò wọ̀ ọ́. Bí ẹgbẹ́ yín bá ń kó fìlà ránṣẹ́ sí òkèèrè, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ nípasẹ̀ World Jewish Relief, àjọ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1933 láti ran àwọn Júù tó ń sá kúrò ní Jámánì lọ́wọ́, tó sì ti kó aṣọ òtútù tí a fọwọ́ hun lọ fún àwọn arúgbó ní Ukraine rí.

Ìdáhùn, láti ọwọ́ Olùkọ́ Májẹ̀mú Láéláé, Ìbàdàn

Àlàyé Télọ̀ tọ̀nà. Àwa tí a ń ka Bíbélì Yorùbá kò ṣàjèjì sí fífa aṣọ ya: Jékọ́bù fa aṣọ rẹ̀ ya nítorí Jósẹ́fù nínú Jẹ́nẹ́sísì 37:34, Dáfídì náà ṣe bẹ́ẹ̀ nítorí Sọ́ọ̀lù àti Jónátánì. Oníwàásù 3:7 sì sọ pé ìgbà fífà ya wà, ìgbà rírán sì wà. Ọ̀pọ̀ wa máa ń ka ẹsẹ yẹn bí ewì; àwọn Júù ka ọjọ́ sí i, wọ́n sì mọ iye rẹ̀.

Ní ti ọjọ́ Ẹtì, Míṣínà, ìwé òfin tí àwọn àgbà wọn kó jọ ní nǹkan bí ọdún 200, ka iṣẹ́ mọ́kàndínlógójì tí a kò gbọdọ̀ ṣe ní Ọjọ́ Ìsinmi wọn, tó ń wọlé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì tó sì ń jáde ní alẹ́ Sátidé, mẹ́tàlá nínú wọn ló sì jẹ́ ti aṣọ: rírẹ́ irun àgùtàn, fífọ̀ ọ́, yíya irun náà, pípa á láró, rírànwú, títa òwú sórí òfì, híhun, títí dé orí rírán ojú abẹ́rẹ́ méjì, àti fífa aṣọ ya kí a lè tún un rán. Ẹ̀yin ọmọ ahunṣọ yóò rí i pé iṣẹ́ ilé bàbá yín látìbẹ̀rẹ̀ dópin ni wọ́n tò sílẹ̀. Híhun pẹ̀lú abẹ́rẹ́ gígùn méjì wà lábẹ́ èyí. Míṣínà kan náà sọ pé kí télọ̀ má ṣe mú abẹ́rẹ́ rẹ̀ jáde nílé nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ Ẹtì bá fẹ́ ṣú, kí ó má baà gbàgbé kí ó sì gbé e kiri lẹ́yìn tí Ọjọ́ Ìsinmi ti wọlé. Ní oṣù Kejìlá, oòrùn ń wọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù kí agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tó lù, àbẹ́là Ọjọ́ Ìsinmi sì gbọ́dọ̀ ti tàn ṣáájú ìyẹn. Nítorí náà Màmá yín kò kánjú jù. Bákan náà ni Ọjọ́ Ìsinmi ń tètè jáde ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé ní ìgbà òtútù, tí alẹ́ gígùn sì kù níwájú. Bí ẹ bá fẹ́ jókòó ti Màmá kí ẹ jọ hun nǹkan, alẹ́ Sátidé dára púpọ̀.

Ìdáhùn, láti ọwọ́ Nọ́ọ̀sì ní Brooklyn

Ẹ kú àdúgbò, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ti Hánúkà rọrùn: àṣà àtijọ́ ni pé kí àwọn obìnrin má ṣe iṣẹ́ nígbà tí àbẹ́là náà bá ń jó, ó kéré tán fún ìdajì wákàtí, nítorí ipa tí àwọn obìnrin kó nínú ìgbàlà tí wọ́n ń rántí. Mo fẹ́ràn àṣà yẹn gidigidi.

Ṣùgbọ́n mo fẹ́ fi kún ọ̀rọ̀ Télọ̀ pé gbogbo Júù kọ́ ló ń ṣe bákan náà. Níbí ní Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ ń lo rìbọ́ọ̀nù dúdú tí wọ́n gé, tí wọ́n sì fi pín-ìn mọ́ àyà, láì fa aṣọ ya. Ẹ bi Màmá léèrè fúnra wọn. Ẹ má ṣe jẹ́ kí àwa tí a jìnnà sọ ohun tó wà lọ́kàn wọn fún yín.

Bí ẹ bá pẹ́ lọ́dọ̀ wọn, ẹ lè rí i pé àwọn kan nínú àwọn obìnrin olùyọ̀ǹda ara ẹni ń rán aṣọ òkú pẹ̀lú: funfun, láì ní àpò, láì ní kókó lára okùn rẹ̀, ọ̀kan náà fún olówó àti tálákà, gẹ́gẹ́ bí Rabban Gamliel, àgbà olùkọ́ òfin àwọn Júù láyé àtijọ́, ti fi òkú ara rẹ̀ ṣe àpẹẹrẹ. Ẹnu ya èmi tí mo ti rí bí a ṣe ń kó aṣọ olówó iyebíye jọ sórí òkú nílé wa. Ẹ má sì ṣe dúró de ọpẹ́ ẹni tí yóò wọ fìlà yín. Maimonides, àgbà olùkọ́ òfin Júù tí wọ́n bí ní Córdoba ní Sípéènì tó sì kú ní Íjíbítì ní 1204, to ìtọrẹ àánú sí ìpele mẹ́jọ. Èyí tí ẹni tó fún ni kò mọ ẹni tó gbà á, tí ẹni tó gbà á kò sì mọ ẹni tó fún un, ni ó fi ṣe ìkejì láti òkè. Èyí tó ga jù ni kí a fún ènìyàn ní iṣẹ́ tàbí owó tí yóò fi dá dúró.

Láti ọwọ́ Ọmọ Ahunṣọ Ìsẹ́yìn

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Mo bá Màmá sọ̀rọ̀ ní alẹ́ Sátidé, lẹ́yìn tí Ọjọ́ Ìsinmi ti jáde, mo sì kúnlẹ̀ kí n tó sọ ohunkóhun, nítorí n kò mọ bí a ṣe ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àgbà lórí ìdúró. Wọ́n ní kí n dìde. Wọ́n ní ìyá wọn ni wọ́n fa aṣọ náà ya fún, àwọn fúnra wọn ni wọ́n sì fi òwú funfun yẹn fà á pọ̀ lẹ́yìn ọgbọ̀n ọjọ́. Wọn kò bínú sí mi. Ohun tó pa wọ́n lẹ́kún ni pé wọ́n wá ibẹ̀ pẹ̀lú ìka, wọn kò sì rí i.

Wọ́n pe rábì wọn ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú, ó sì sọ pé kí a tú u. A jọ tú u lórí tábìlì ìdáná. Èmi ń gé òwú, Màmá ń fà á jáde, ó sì gbà wá ní gbogbo ọ̀sán, nítorí mo ti rán an jù. Nígbà tí ibi tó ya tún là sílẹ̀, mo na òwú funfun sí wọn. Wọ́n ní kí n bá àwọn ti òwú bọ inú abẹ́rẹ́, nítorí ojú wọn kò ríran tó bẹ́ẹ̀ mọ́, wọ́n sì fi ọwọ́ ara wọn fà á pọ̀, ojú abẹ́rẹ́ márùn-ún gbọọrọ gbọọrọ.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo gbé òwú acrylic aláwọ̀ ewé lọ sí gbọ̀ngàn. Kúbùsù ni wọ́n ní kí n bá wọn hun, ègé mẹ́rìndínlógún ni ti èmi nínú rẹ̀. Mo ti parí mẹ́ta.