Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: fáfitì Kútọnu fún àbúrò mi

Ọmọ Àjárá: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará Àgbádárìgì. Ẹ jọ̀ọ́, èwo ló dáa nínú àwọn fáfitì Kútọnu tó ń fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ni? Àbúrò mi obìnrin ni. JAMB tún ti já a kulẹ̀. Ájẹ́ǹtì ní kí owó wọlé kó tó di ọjọ́ Ẹtì. Ṣé á ríṣẹ́ tó bá jáde?

Ìyá Ìbejì Mòwó: Kí ló fẹ́ kà? Èló lẹ ní lọ́wọ́?

Sènàmí: Ẹ má san kọ́bọ̀! Ìṣirò owó ni mo kà níbẹ̀, mo kà á parí. Nígbà tí mo délé pé kí n lọ ṣe àgùnbánirọ̀, wọ́n ní àwọn ò mọ ilé ẹ̀kọ́ wa. Ibi tí mo ti wáṣẹ́ ní Agbára, ìwé àgùnbánirọ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ béèrè. Obìnrin tó jókòó sídìí tábìlì rí orúkọ orílẹ̀-èdè “Bénin” lórí ìwé ẹ̀rí mi, ó fi ìka kan tì í padà sí mi. Kò ka ìyókù. Ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n mi ni mo wà báyìí.

Ìyá Ìbejì Mòwó: Áà, pẹ̀lẹ́ o. Ọmọ Àjárá, ṣé o gbọ́?

Bàbá Ibẹ̀rẹ̀kò: Òótọ́ ni. Akọ̀ròyìn kan gba dígírì níbẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ 6 péré. Ìyẹn ló jẹ́ kí ìjọba àpapọ̀ dáwọ́ dúró lórí fífọwọ́ sí ìwé ẹ̀rí orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò ní oṣù Kínní 2024.

Tíṣà Tọ́pò: Ẹ má fi ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀kan jẹ gbogbo wọn níyà. Fáfitì ìjọba wọn wà ní Abomey-Calavi, Faransé ni wọ́n sì fi ń kọ́ni. Ṣebí Abúlé Faransé wà ní Àjárá yín níbẹ̀? Kó lọ kọ́ Faransé níbẹ̀ ná.

Sènàmí: Tíṣà, ilé ẹ̀kọ́ tiwa náà ní pátákó, ó ní olùkọ́. Báwo lọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní sẹ́kọ́ńdìrì ṣe fẹ́ dá ayédèrú mọ̀?

Tíṣà Tọ́pò: Iṣẹ́ àgbà nìyẹn. Àwọn díẹ̀ wà tí ìjọba wa fọwọ́ sí. Kí wọ́n béèrè ní iléeṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ l'Ábújá kówó tó jáde.

Alájàpá Sẹ̀mẹ̀: Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ni kó ti gba yàrá, owó ilé Kútọnu ti wọ́n jù. Kó má bá ọlọ́kadà gba ọ̀nà igbó o. Kó jẹ́ kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí páspọ́ọ̀tù rẹ̀ ní bodè, torí NYSC á yẹ̀ ẹ́ wò.

Káyọ̀dé: Ẹ jẹ́ kó lọ Jámánì. Ọ̀pọ̀ fáfitì ìjọba wọn kì í gbowó ilé ẹ̀kọ́. Tó bá jáde, wọ́n á fún un ní oṣù 18 láti fi wáṣẹ́.

Ìyá Ìbejì Mòwó: Káyọ̀dé, WAEC nìkan ò gbé ni wọ ibẹ̀. Ta ló sì fẹ́ fi nǹkan bí 11,900 yúrò sí báńkì fún ìnáwó ọdún kan? Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n ń sọ o!

Ọmọ Àjárá: Ẹ ṣé gan-an. Nọ́ọ̀sì ló fẹ́ kà. Bàbá wa ti san ìdajì fún ájẹ́ǹtì láàárọ̀ yìí, ọjọ́ Àìkú ni àbúrò mi ń lọ. Alájàpá, ẹ jọ̀ọ́, àdúgbò wo ní Àjàṣẹ́?

Sènàmí: Nọ́ọ̀sì kẹ̀! Bó gba dígírì, àfi tí àjọ àwọn nọ́ọ̀sì nílé bá forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ló tó lè ṣiṣẹ́. Mo bẹ̀ ọ́, pe Bàbá báyìí, kí wọ́n má san ìdajì tó kù.