“Jọ” kò sọ ẹ̀yìn ẹni tí a wà

Ẹ̀yin ará, ọ̀kun o. Ẹ̀gbọ́n wa láti Ìsánlú dábàá pé kí á máa pe eré orí pátákó, èyí tí àwọn akọni fi ń wọ ihò abẹ́ ilẹ̀ lọ pa ẹ̀dá abàmì, ní “eré àjọjà”, ìyẹn eré tí gbogbo wọn ti jọ ń bá abàmì jà. Mo mọ̀ pé olùkọ́ Yorùbá ni wọ́n, mo sì bọ̀wọ̀ fún wọn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò wọlé.

Bí a bá ní Òjó àti Àìná jọ jà, ara wọn ni wọ́n lù. Bí a bá ní wọ́n jọ ta ayò, ọ̀ta ni ọ̀kan, òpè ni èkejì. Ẹ̀gbọ́n lè bi mí pé “wọ́n jọ jagun” ńkọ́; ogun ni wọ́n jọ lọ jà níbẹ̀, ṣùgbọ́n “jà” tó dá dúró ń wá ẹni tí a ó bá jà, ẹni tí a sì jọ wà ló máa ń mú.

Nínú HeroQuest, ọ̀kan lára irú eré bẹ́ẹ̀ tó jáde ní 1989, ẹnì kan ń darí àwọn abàmì lòdì sí àwọn yòókù, nítorí náà “àjọjà” ìbá bá a mu. Ṣùgbọ́n nínú Castle Ravenloft, òmíràn tó jáde ní 2010, ohun tó wà lórí káàdì ni abàmì ń ṣe, kò sí ẹni tó dojú kọ ẹnìkejì. Lóṣù tó kọjá, àwa mẹ́rin ń ṣe é nílé wa ní Kàbà. Àmì ìwòsàn méjì péré ni gbogbo ẹgbẹ́ ní, a sì ti ná méjèèjì. Ère oṣó, ọ̀kan nínú àwọn akọni wa, tí kò ga ju àtàǹpàkò mi lọ, ti dùbúlẹ̀. Bí ó ti kan ẹni tó ni ín, tí kò sí àmì tí yóò gbé e dìde, gbogbo wa pàdánù lẹ́ẹ̀kan náà. Ìyá wa, tí kò mọ òfin eré náà rárá, bèèrè pé: “Ṣé kò sí ẹni tó lè gbèjà rẹ̀ ni?”

“Gbè” ni ọ̀rọ̀ tó ń sọ ẹ̀yìn ẹni tí a wà, nítorí náà “eré ìgbèjà” ni mo fi lélẹ̀. “Eré ọ̀wẹ̀” tí ẹlòmíràn mú wá dùn létí, ṣùgbọ́n olóko nìkan ló ń kó iṣu ọ̀wẹ̀ sílé. Bí wọn kò bá sì fi àmì sórí àti sábẹ́ lẹ́tà rẹ̀, àwa ará Kàbà yóò kà á sí Owé, orúkọ ẹ̀yà wa. Bí ẹ̀gbọ́n bá rántí gbólóhùn kan ṣoṣo tí àwọn àgbà wa fi “jọ jà” sọ̀rọ̀ àwọn tó wà lẹ́yìn ara wọn, kí wọ́n gbé e wá, n ó gbà.