Màmá mi àti insulin wọn ní Zanzibar: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. London ni mò ń gbé. Lóṣù Kejìlá, èmi àti ọmọ mi ọlọ́dún mẹ́rin ń lọ lo ọjọ́ mẹ́wàá ní Zanzibar, erékùṣù Tanzania. Màmá mi yóò wá bá wa níbẹ̀ láti Ìbàdàn.

Ọ̀rọ̀ màmá ló ká mi lára jù. Wọ́n ní ìtọ̀ ṣúgà, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń gún insulin. Lọ́dún tó kọjá, wọ́n gbàgbé rẹ̀ sínú ọkọ̀ nínú oòrùn. Oògùn tó mọ́ gaara bí omi ti dà bí omi ògì, a sì ní láti jù ú nù. Mo mọ̀ pé kò gbọdọ̀ sí nínú ẹrù tí wọ́n ń kó sí ìsàlẹ̀ bàálù, torí ó lè dì bíi yìnyín níbẹ̀. Ṣùgbọ́n létí òkun ńkọ́, bí iná bá lọ ní hòtẹ́ẹ̀lì? Kí lẹ fi ń mú un tutù láìjẹ́ kí yìnyín kàn án?

Yẹ́lò káàdì wọn, ìwé ẹ̀rí abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà pọ́njú, ti wà nílẹ̀. Tanzania máa ń béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó bá ti Nàìjíríà wá.

Ti ọmọ, ibà ni. Ìlú òyìnbó la bí i sí, ara rẹ̀ ò mọ ẹ̀fọn rárá. Malarone ti àwọn ọmọdé, oògùn tó ń dènà ibà, ni wọ́n kọ fún un, ìwọ̀n ara rẹ̀ ni wọ́n fi ṣírò rẹ̀. Wọ́n ní kó máa lò ó pẹ̀lú oúnjẹ tàbí wàrà, kó sì lò ó fún ọjọ́ méje sí i tí a bá padà dé. Ṣùgbọ́n ohun kíkorò kì í dúró lẹ́nu ọmọ yìí! Ẹ̀yin ìyá tí ẹ ti fún ọmọ yín rí, ọgbọ́n wo lẹ dá? Ẹ jọ̀ọ́, mò ń retí yín.