Ẹ wá sọ tiyín: ọjọ́ tí ẹ kọ́kọ́ fẹ́ mú kí ọ̀dà mọ́dẹ́ẹ̀lì yín bó bíi ti ọkọ̀ gidi

Àkànní35
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ẹ jẹ́ ká sọ ìrírí wa lórí ọ̀dà tó bó, èmi ni màá bẹ̀rẹ̀. Mọ́dẹ́ẹ̀lì tánkì Jámánì tó ń jẹ́ Tiger ni, ti iléeṣẹ́ Tamiya, ìwọ̀n 1/35 (ìyẹn ni pé sẹ̀ǹtímítà kan lára ẹ̀ jẹ́ 35 lára tánkì gidi), mo ti kùn ún tán, ó dára lójú mi, ni mo bá mú búrọ́ọ̀ṣì tín-ín-rín àti ọ̀dà fàdákà, mo ń tò ó sí gbogbo etí ẹ̀ tó-tò-tó. Ìgbà tí mo gbé e sọ́ọ̀ọ́kán tí mo wò ó, àfi bí ẹni tí ilẹ̀ẹ́gbóná bá jà. Ó ṣì wà lórí sẹ́ẹ̀fù, mo kọjú ẹ̀ sí ògiri.

ÌyáÌbejì_Peckham
Ilẹ̀ẹ́gbóná 😂😂 ẹ pa mí o

SùúrùNiMo
Fàdákà yẹn ló ba tìẹ jẹ́. Irin tánkì tí ọ̀dà ti bó kì í dán bíi ṣíbí, kò ní pẹ́ tí á fi pọ́n tàbí kó dúdú. Ibi tó máa ń dán ni ibi tí nǹkan ń fi gbo lójoojúmọ́, bí ẹ̀wọ̀n ẹsẹ̀ ẹ̀ tó ń lọ ilẹ̀. Àwọ̀ búráùn tó ti fẹ́ẹ̀ di dúdú ni kó o lò. Kọ́kọ́ mú àwọ̀ tó o fi kùn ún, pò ó kó mọ́lẹ̀ díẹ̀, fi fa ojú ibi tó bó, kó o wá tọ́ búráùn yẹn sí àárín ẹ̀, má jẹ́ kó kan etí. Ojú á rí i bíi pé ó jìn.

Túndé_Agége
Tèmi burú ju tiyín lọ. Mo gbọ́ pé wọ́n ń fi hairspray ṣe é, pé wọ́n á kọ́kọ́ kun àwọ̀ ìpẹtà, wọ́n á fín hairspray lé e lẹ́ẹ̀mejì, tó bá gbẹ wọ́n á kun ọ̀dà gangan lé e, wọ́n á wá fi omi rẹ ẹ́ kí wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì líle họ ọ́, á sì máa bó fúnra ẹ̀. Ó dáa. Mo lọ bá ìyá onídìrí àdúgbò wa, mo ní ẹ fún mi ní èyí tí ẹ máa ń fín sí irun, wọ́n fún mi ní oil sheen, èmi ò mọ̀ pé ọ̀tọ̀ ni, mo ṣáà rí agolo tó ń fín, mo dé ilé mo fín in mọ́ Land Rover mi níwájú lẹ́yìn, ọ̀dà tí mo kùn lé e ń sá kiri bí omi orí ewé kókò, ọjọ́ kẹta kò tíì gbẹ, gbogbo yàrá sì ń ta sánsán bíi ti ọjọ́ ìgbéyàwó.

ÌyáÌbejì_Peckham
Oil sheen kẹ̀! O ò kúkú dirun fún un

Lékan_Mọ́dẹ́ẹ̀lì
Ṣé ṣùkú ni àbí kọ́júsọ́kọ

Túndé_Agége
Ẹ máa rín, ẹ máa rín. Mo fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ fọ̀ ọ́, mo tún un ṣe pẹ̀lú hairspray gidi, lọ́tẹ̀ yìí ó bó bó ṣe yẹ. Ìpẹtà pupa ti yọ lára bọ́nẹ́ẹ̀tì, lára fẹ́ńdà méjèèjì, lára ilẹ̀kùn. Land Rover Series III ti Revell ni, 1/24.

BàbáPánẹ́ẹ̀lì
Túndé ọmọ mi, dúró ná. Ìpẹtà wo ló wà lára bọ́nẹ́ẹ̀tì Land Rover? Iṣẹ́ pánẹ́ẹ̀lì bítà ni mo ṣe jẹun kí n tó fẹ̀yìn tì. Bọ́dì ọkọ̀ yẹn alumíníọ̀mù ni, torí ìgbà tí wọ́n gbé e jáde ní 1948, irin ṣọ̀wọ́n nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn ogun. Alumíníọ̀mù kì í pọ́n. Tí ọ̀dà ẹ̀ bá bó, àwọ̀ eérú ni wàá rí.

Lékan_Mọ́dẹ́ẹ̀lì
Ẹ má bínú o Bàbá, Land Rover ẹ̀gbọ́n bàbá mi l'Ógbòmọ̀ṣọ́ dógùn-ún débi pé èèyàn ń rí títì láti inú ẹ̀.

BàbáPánẹ́ẹ̀lì
Níbo lẹ ti ń rí títì?

Lékan_Mọ́dẹ́ẹ̀lì
Ibi tí dẹrẹ́bà ń gbé ẹsẹ̀ sí.

BàbáPánẹ́ẹ̀lì
Irin nìyẹn. Irin ni ṣaasí, irin ni ògiri tó wà láàárín ẹ́ńjìnnì àti dẹrẹ́bà, irin ni fúrémù inú ilẹ̀kùn. Ṣé bọ́nẹ́ẹ̀tì ẹ̀ dógùn-ún?

Lékan_Mọ́dẹ́ẹ̀lì
...rárá. Ó kàn tẹ̀ káàkiri ni.

ÌyáÌbejì_Peckham
Ẹjọ́ ti parí 😂

BàbáPánẹ́ẹ̀lì
Ibi tí irin àti alumíníọ̀mù bá ti fara kanra tí omi sì ń wọ ibẹ̀, alumíníọ̀mù á máa wú ọ̀dà sókè, nǹkan funfun bí ìyẹ̀fun á máa jáde lábẹ́ ẹ̀. Wo etí ilẹ̀kùn nísàlẹ̀. Ìyẹn ni kó o kùn, Túndé.

SùúrùNiMo
Bẹ́ẹ̀ náà ni ọkọ̀ òfuurufú. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ òfuurufú ogun Japan nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ọ̀dà wọn bó yánnayànna, alumíníọ̀mù ló ń yọ. Fàdákà tí Àkànní kó lé tánkì lórí, ibẹ̀ ni ì bá gbé e lọ.

Àkànní35
Ẹ ṣì ń rántí ẹjọ́ mi

Mọ́mì_ní_kí_n_bèèrè
Mo ń ka èyí sókè fún ìyá mi, wọ́n ní kí ló dé tí ẹ ń fi owó ra ọkọ̀ tuntun tí ẹ wá ń sọ ọ́ di jáńkì

Lékan_Mọ́dẹ́ẹ̀lì
Ẹ bá wa kí Mọ́mì. Àdúrà la fẹ́.

Kọ́ńdọ̀_Nígbàkanrí
Èmi kì í sọ̀rọ̀ níbí ṣùgbọ́n danfo tí ẹ ń ṣe máa ń bí mi nínú. Gbogbo yín ni ẹ ń kó ìpẹtà lé e níbi tó bá wù yín. Mo ṣe kọ́ńdọ̀ ọdún mẹ́rin, Ọ̀ṣòdì sí Ìyànà-Ìpájà. Àkọ́kọ́ ná, ọ̀pọ̀ danfo tòkunbọ̀ ni, funfun ni tiwa dé, a kàn kùn ún ní yẹ́lò ni, torí náà tí ọ̀dà bá bó, funfun ló máa kọ́kọ́ yọ kó tó kan irin, ẹ ò sì kì í ṣe funfun yẹn rárá. Ẹ̀ẹ̀kejì, ọwọ́ mi. Tí a bá fẹ́ dúró mo máa ń gbá ara ọkọ̀ pá pá, ojú kan náà ni lójoojúmọ́, lẹ́bàá ilẹ̀kùn, lábẹ́ fèrèsé. Ọ̀dà ibẹ̀ ò bó o, ó kàn fẹ́lẹ́ ni, ó ń dán, ó dúdú díẹ̀ torí òógùn àti ìdọ̀tí owó. Mo máa ń wọ òrùka nígbà yẹn, òrùka yẹn ló fa ilà wẹ́wẹ́ wẹ́wẹ́ síbẹ̀, gbogbo ẹ̀ dà wálẹ̀ lápá kan náà. Ibi tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀ wọlé nìkan ni irin ti yọ pátápátá, ó sì ń dán torí bàtà ò jẹ́ kó ráyè dógùn-ún.

ÌyáÌbejì_Peckham
Òrùka! Ha. Mọ́dẹ́ẹ̀lì bọ́ọ̀sì Volkswagen T2 1/24 kan wà lórí tábìlì mi báyìí, yẹ́lò ni, mo ti fi ìpẹtà bà á jẹ́ tán. Mo ń tún un kùn lálẹ́ yìí.

SùúrùNiMo
Ọ̀rọ̀ danfo yẹn, ti Tiger náà nìyẹn. February 1943 ni Jámánì pàṣẹ pé yẹ́lò ni kí wọ́n máa kun tánkì. Èyí tó ti jáde ní 1942, eérú ló wọ̀ tẹ́lẹ̀, tí wọ́n bá tún un kun yẹ́lò, eérú ló máa yọ níbi tó bó, kó tó kan práímà pupa, ìyẹn ọ̀dà tí wọ́n kọ́kọ́ fi bo irin.

Kọ́ńdọ̀_Nígbàkanrí
Àṣé tánkì náà ń ṣe tòkunbọ̀

Ìbàdàn_1_72
Ẹ rántí ìwọ̀n o jàre. Ní 1/72, mílímítà kan lára mọ́dẹ́ẹ̀lì jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 7.2 lára ti gidi. Mo rí tánkì ẹnìkan níbí, ibi tó bó lára ẹ̀ tó àwo àmàlà. Fóòmù ni kí ẹ lò, ẹ ya á, ẹ má gé e, ẹ tọ́ ọ̀dà sí i, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́ bébà títí tí á fi kù díẹ̀ kó má yọ mọ́, kí ẹ tó fọwọ́ kan mọ́dẹ́ẹ̀lì.

Lékan_Mọ́dẹ́ẹ̀lì
Fóòmù wo? Kànìnkànìn ìbílẹ̀ ni mo ń lò.

Ìbàdàn_1_72
Abájọ tí tìẹ fi dà bí ẹni tí ológbò họ.

Túndé_Agége
Ẹni tó bá fẹ́ fi hairspray ṣe funfun àti yẹ́lò yẹn, ẹ kun funfun, ẹ jẹ́ kó gbẹ dénú, hairspray, kí ẹ tó wá kun yẹ́lò. Ẹ má sì jẹ́ kó di ọjọ́ kejì kí ẹ tó họ ọ́. Mo ti sùn lọ rí, ìgbà tí mo jí, mo họ ọ́ títí ọwọ́ fi ń ro mí, kò dá mi lóhùn.

BàbáPánẹ́ẹ̀lì
Bọ́nẹ́ẹ̀tì ńkọ́?

Túndé_Agége
Mo ti fi eérú bò ó sà.

ÌyáÌbejì_Peckham
Mo ti ṣe é. Ẹsẹ̀ ilẹ̀kùn, mo fi lẹ́ẹ̀dì pẹ́ńsùlù pa á títí ó fi ń dán. Ti òrùka, abẹ́rẹ́ ni mo fi họ ọ́, ilà mẹ́fà, funfun yọ díẹ̀díẹ̀. Mo gbé e sílẹ̀ lọ po tíì, ọmọ mi kan wọlé, ó gbé e sọ́wọ́, ó wò ó, ó ní "Mummy, ta ló bá yín họ ọkọ̀ yín báyìí?"

Kọ́ńdọ̀_Nígbàkanrí
Ẹ sọ fún un pé èmi ni