Gàárì kò dì, mànà ló mú un

Ẹ̀yin ará mi, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìfẹ́ èdè wa.

Mo ti ka gbogbo ohun tí ẹ ń sọ láti ìjẹta lórí ọ̀rọ̀ tó yẹ ká fi rọ́pò ohun tí àwọn ọmọ iṣẹ́ wa ń pè ní fíríìsì: ká fi iná fíláàṣì ya ohun tó ń fò, tó ń já bọ́ tàbí tó ń dà, kó sì jáde nínú fọ́tò bí ẹni pé ó dúró gbagidi. Ẹ̀gbọ́n tó dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ ní "dídì" ló tọ́. Ẹlòmíì ní ká pè é ní "ìdádúró". Àbúrò wa tó kọ̀wé kẹ́yìn mú "ìkọmú" wá, láti ara mànàmáná tó ń kọ. Iṣẹ́ fọ́tò ni mo fi ń jẹun ní Ṣómólú, mi ò sì lè dákẹ́ lórí "dídì", torí ó ti dá gbólóhùn asọ̀ sílẹ̀ láàárín èmi àti oníbàárà mi rí.

Gàárì Ìjẹ̀bú ni obìnrin náà ń tà. Ó fẹ́ fọ́tò tí yóò tẹ̀ sára ọ̀rá gàárì rẹ̀: kí gàárì máa dà láti ọwọ́ sínú abọ́ omi, kí omi ta, kí ẹ̀pà fò sókè. A yà á, ó dára. Nígbà tí mo fẹ́ kọ ìwé owó fún un, mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé "gàárì dídì, fọ́tò 4". Ó kà á, ojú rẹ̀ yí padà. "Bọ̀dá fọ́tò, gàárì tèmi kì í dì o! Inú ike tó ní ìdérí ni mo ń dà á sí látìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀." Ọmọbìnrin tó bá a gbé abọ́ wá ní kó má bínú, pé bóyá gàárì tí wọ́n ti dì sínú ọ̀rá ni mo ń wí. Àwọn méjèèjì gbọ́ Yorùbá dáadáa, kò sì sí èyí tó ronú kan fọ́tò nínú wọn. Mo bẹ̀ ẹ́, mo fa ọ̀rọ̀ náà yọ, mo kọ òmíràn.

Omi ń dì, ẹ̀jẹ̀ ń dì, ẹ̀kọ ń dì, epo ń dì lásìkò ọyẹ́. Ohun tó bá ti dì, ara rẹ̀ ló yí padà; ó ń ṣàn tẹ́lẹ̀, ó wá le. Gàárì tó bá sì dì, ọ̀rinrin ló bà á jẹ́. Àwọn Òyìnbó ló fi omi tó di yìnyín ṣe àfiwé nídìí iṣẹ́ yìí, ó sì bá èdè wọn mu. Kò bá ojú tí àwa fi ń wo "dì" mu rárá.

"Ìdádúró" ńkọ́? Ó sàn ju dídì lọ, àmọ́ kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni dá dúró. Gàárì tí ọwọ́ dà láti nǹkan bíi mítà 1 lókè abọ́, nígbà tó bá fi máa kan omi, eré rẹ̀ á ti tó mítà 4.4 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Kámẹ́rà mi kì í bá fíláàṣì ṣiṣẹ́ kọjá 1/200 ìṣẹ́jú àáyá. Aṣọ méjì ló wà nínú ṣọ́tà rẹ̀, ìyẹn ilẹ̀kùn tó ń ṣí kí ìmọ́lẹ̀ lè wọlé: ọ̀kan ń ṣí, ìkejì ń tẹ̀ lé e láti pa á dé. Tí a bá yára jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìkejì á ti gbéra kí àkọ́kọ́ tó ṣí tán, apá kan fọ́tò á sì ṣókùnkùn biribiri. Láàárín 1/200 yẹn, hóró gàárì kan á ti rìn ju sẹ̀ǹtímítà 2 lọ. Ìlà gbọọrọ ni yóò jáde. Ṣùgbọ́n ká ní a ta kọ́tìnì, a pa gíloòbù, tó jẹ́ pé ìmọ́lẹ̀ fíláàṣì nìkan ló tàn, tí kò sì pẹ́ ju 1/10,000 ìṣẹ́jú àáyá lọ: hóró yẹn kò ní tíì rin ìdajì mìlímítà kí òkùnkùn tó tún bò ó. Ó ṣì ń já bọ́ lọ. Ìmọ́lẹ̀ ló dé, tó tún lọ, kí gàárì tó rí àyè yẹsẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi ní ara ìmọ́lẹ̀ ni ká ti fa ọ̀rọ̀ wa yọ.

Ẹ̀gbọ́n wa béèrè bóyá a nílò ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ rárá, nígbà tí ṣọ́tà tó yára náà lè ṣe irú iṣẹ́ yìí. A nílò rẹ̀, torí ọ̀nà méjì ni. Nígbà tí Eadweard Muybridge ya ẹṣin tó ń sáré ní California ní 1878, oòrùn ló lò, ìyára ṣọ́tà ló sì ràn án lọ́wọ́. William Henry Fox Talbot ti gba ọ̀nà kejì ṣáájú rẹ̀ ní ìlú Ọba ní 1851. Ó lẹ ojú ìwé kan nínú ìwé ìròyìn The Times mọ́ ohun tó ń yí pẹ̀lú eré, ó wà nínú òkùnkùn, ó jẹ́ kí iná mànàmáná ta pàrà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ọ̀rọ̀ ara ìwé náà sì hàn ketekete. Ọ̀nà Talbot yìí náà ni Harold Edgerton gbà ní MIT, ilé ẹ̀kọ́ gíga kan ní Amẹ́ríkà, tó fi ya ẹ̀kán wàrà tó já bọ́, tó ta yíká bí adé, ní 1957. Òun náà ni mo gbà ní Ṣómólú tí mo fi ya gàárì.

Èdè wa kò ṣe àjèjì sí àkókò tó kéré báyìí. Ìṣẹ́jú, ojú tí a ṣẹ́ ni. Ìṣẹ́jú àáyá, ojú tí àáyá ṣẹ́ ni. Ìgbà tí ojú ṣí tó sì pa dé ni àwọn baba wa fi wọn àkókò, ohun tí ṣọ́tà náà sì ń ṣe nìyẹn. A tún máa ń sọ pé "mo rí i fìrí". Inú ilé la ti máa rí ọ̀rọ̀ yìí.

Ẹnìkan ní ká kúkú sọ fíláàṣì di ọ̀rọ̀-ìṣe. Ní Èkó yìí, tí mo bá ní "mo fíláàṣì ẹ", fóònù rẹ lo máa gbé wò. Kí fíláàṣì máa jẹ́ orúkọ iná náà, mi ò bá a jà.

Ní ti "ìkọmú", àbúrò mi, o ti mú ìmọ́lẹ̀, o tún mú "mú", ohun méjèèjì tó yẹ nìyẹn. Àmọ́ àdúgbò ìtẹ̀wé ni Ṣómólú, ọ̀pọ̀ ìwé Yorùbá tí mo ń rí tí wọ́n tẹ̀ níbí ni kò ní àmì lórí. Gbàrà tí àmì bá ti kúrò, kọ́mú, aṣọ abẹ́ obìnrin, ni ojú òǹkàwé máa kọ́kọ́ bá. Mi ò fẹ́ kí oníbàárà mìíràn tún da ìwé owó padà fún mi.

Ohun tí mo fi rọ́pò "gàárì dídì" nínú ìwé owó lọ́jọ́ náà ni "gàárì tí a fi mànà mú". Iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀, mo ń pè é ní ìfimànàmú, bí a ti ń sọ ìfọwọ́sí àti ìfọkànsìn. Ẹ lè ní kí ló dé tí mi ò lo mànàmáná lódindi. Iná mànàmáná ti di iná wáyà fún gbogbo wa; ẹni tó bá gbọ́ ọ, owó iná ni yóò rò. "Mànà" wà láyè ara rẹ̀ nínú "kọ mànà". A ń sọ ọ́ fún léèsì àti fún bàtà tí wọ́n fi pólíìṣì nù dáadáa. "Mú" ló sì wù mí jù. A máa ń sọ pé fọ́tò kan mú ènìyàn dáadáa. Ọ̀bẹ tó mú náà, "mú" ni, ohùn kan náà. Ohun tí a fẹ́ kó ṣẹlẹ̀ sí hóró gàárì yẹn gan-an nìyẹn: kí a rí i mú, kí etí rẹ̀ sì mú.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan. Kí fọ́tò yẹn tó dára, iná sítúdíò mi ńlá ni mo kọ́kọ́ lò. Mo rẹ agbára rẹ̀ sílẹ̀ pátápátá, mo rò pé ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ á yára kú. Ọmọṣẹ́ mi wo ojú kámẹ́rà, ó ní, "Ọ̀gá, gàárì ti hu ìrù." Lóòótọ́, gbogbo hóró ló ní ìrù wínníwínní lẹ́yìn. Ọ̀pọ̀ iná ńlá àtijọ́, bí a ṣe ń rẹ agbára wọn sílẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ wọn ń pẹ́ sí i. Fíláàṣì kékeré tó ń gun orí kámẹ́rà yàtọ̀: ńṣe ló ń gé iná náà láàárín ọ̀nà, bí agbára ṣe ń kéré ni ìmọ́lẹ̀ ń yára kú. Mẹ́ta irú rẹ̀ ni mo tò sí ẹ̀gbẹ́ abọ́, mo fi gbogbo wọn sí 1/32 agbára, ìrù sì kúrò.

Bí mànà ṣe pẹ́ tó kí ó tó kú, "ẹ̀mí mànà" ni mo ń pè é ní ṣọ́ọ̀bù: eléyìí ẹ̀mí rẹ̀ gùn, tọ̀hún ẹ̀mí rẹ̀ kúrú. Àmọ́ ọ̀nà méjì ni àwọn tó ń ṣe iná ń gbà wọ̀n ọ́n. Àwọn kan ń kà á títí ìmọ́lẹ̀ fi ku ìdajì; àwọn kan ń kà á títí ó fi ku ìdá kan nínú mẹ́wàá, èyí sì máa ń gùn ju ti àkọ́kọ́ lọ dáadáa. Ìkejì ló ń sọ bí ìrù yóò ṣe gùn tó, òun sì ni ẹni tó fẹ́ ra iná gbọ́dọ̀ béèrè. Àkọ́kọ́, "ẹ̀mí ìdajì" lè gbà á. Ẹ bá mi wá orúkọ fún ìkejì, mi ò tíì rí èyí tó dùn létí.