"Okùn ìfajá" tẹ́ ẹ dá sílẹ̀ yẹn: ta ló ń fa ta?

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Okùn tí wọ́n fi ń mú ajá rìn tẹ́ ẹ ní ká máa pè ní "okùn ìfajá", kò wọ̀ mí létí rárá. Ẹ ò tiẹ̀ fi àmì sí i, "ifaja" lẹ kọ, mo kà á sí ìfàjà, mo ní ta ló tún fẹ́ fa ìjà níbí. Ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ tiẹ̀ fi gbogbo àmì sí i, "fà" yẹn gan-an ló ń dùn mí. Ṣé ẹ ti gbàgbé pé bá a bá fa gbùrù, gbùrù á fagbó ni?

Ohun tájá máa ń ṣe gan-an nìyẹn. Lọ́ńdọ̀nù ni mò ń gbé, mo ní ajá Labrador kan tó lágbára gan-an, nígbà tí mo kọ́kọ́ ń mú un jáde, bí mo ṣe ń fa okùn sẹ́yìn lòun náà ń fi àyà tì síwájú, á máa mí hẹlẹhẹlẹ, okùn á fún un lọ́rùn, èjìká á máa dun èmi náà títí ilẹ̀ á fi ṣú. Agbára kọ́ ló tán an. Bí okùn bá ti le báyìí mo dúró sójú kan, mi ò fà, mi ò pariwo, tó bá ti bojú wẹ̀yìn tí okùn dẹ̀, tó wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúnkún mi, mo fún un lẹ́ran adìyẹ bíńtín, a tún gbéra. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ìṣẹ́jú 15 la lò, a ò kọjá ilé 5! Mo tún ra ìgbànú tí wọ́n ń dè mọ́ àyà ajá, tó ní òrùka níwájú, ibẹ̀ ni mò ń so okùn mọ́, tó bá ti fà ara ẹ̀ á yí sọ́dọ̀ mi. Tọrùn ṣì wà níbẹ̀ o, torí òfin 1992 níbí ni pé ajá tó bá wà níta gbọ́dọ̀ ní orúkọ àti àdírẹ́ẹ̀sì olówó ẹ̀ lọ́rùn. Okùn tó ń nà tó ń ká ara ẹ̀ yẹn, ẹ má rà á fájá tó ń fà, kì í dẹ̀ rí, ajá á gbà pé fífà lọ̀nà fi ń ṣí.

Ẹni tó ní "ìjánu ajá" ńkọ́? Ẹnu ẹṣin ni ìjánu ń gbé, ẹ ò gbọ́ ẹnu nínú ẹ̀ ni?

Èmi ní "okùn àjọrìn", bá a ṣe ní àjọjẹ, bá a ṣe ní àjọṣe. Ẹ wá ní "jọ" tèèyàn nìkan ni, ẹ ní ọdún 30 lẹ fi kọ́ni ní Yorùbá. Mo bọ̀wọ̀ fún un, sà. Ṣùgbọ́n ọdẹ ni bàbá mi, mi ò gbọ́ ọ rí kó sọ pé òun fa ajá lọ sígbó, "èmi àti Tanímọ̀la la jọ lọ" ló máa ń wí, okùn kankan ò sí lọ́rùn ajá yẹn, fèrè ló fi ń pè é, tó bá ti fun ún lẹ́ẹ̀kan a ó gbọ́ ewé gbígbẹ tó ń ró wàràwàrà, ajá ti dé. Ṣé bàbá mi ò gbọ́ Yorùbá ni?

Ṣéènì tí àwọn kan ní ká kúkú máa pè é, ìyẹn la fi ń so ajá mọ́ ẹ̀yìn géètì, kì í ṣe tìrìn. Ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ sọ pé ọmọ àná ni mí, ẹ jẹ́ ká fìyẹn sílẹ̀ ná, ẹ kọ́kọ́ dá mi lóhùn lórí "jọ".